Ìgbéléwọ̀n Ìmọ̀ Ẹ̀rọ ní Ilé-Ẹ̀kọ́ Sẹ́kọ́ńdìrì Kékeré: Àyẹ̀wò Lámèyítọ́

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ẹnu dùn-ún ròfọ́. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó lè dárúkọ gbogbo ẹ̀yà kọ̀ǹpútà ṣùgbọ́n tí kò lè fi yanjú ìṣòro kò tíì ní ìmọ̀ ẹ̀rọ. Síbẹ̀, orúkọ àti ìtumọ̀ ni ìdánwò orí ìwé sábà máa ń béèrè ní ilé-ẹ̀kọ́ sẹ́kọ́ńdìrì kékeré ní Nàìjíríà. Ohun tí ìdánwò bá sì ń béèrè ni olùkọ́ ń kọ́ni.

NAEP, ìgbéléwọ̀n gbogbogbòò ti ilẹ̀ Amẹ́ríkà, gba ọ̀nà mìíràn. Ní ọdún 2014, akẹ́kọ̀ọ́ kíláàsì kẹjọ bíi 21,500 ni ó ṣe iṣẹ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ lórí kọ̀ǹpútà. Lára àwọn iṣẹ́ náà ni wíwá ohun tí ó ba ẹ̀rọ kànga abúlé kan jẹ́. Ìgbésẹ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ni a wò, kì í ṣe ìdáhùn rẹ̀ nìkan. Ìdá 43 nínú ọgọ́rùn-ún ni ó dé òṣùwọ̀n ìpegedé. Àwọn ọmọbìnrin sì ta àwọn ọmọkùnrin yọ.

Àléébù ìgbéléwọ̀n náà ni pé ilé-ẹ̀kọ́ tí kò ní kọ̀ǹpútà tàbí iná kò lè lò ó bí ó ti wà. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ kànga kì í ṣe kọ̀ǹpútà. Tọ́ọ̀ṣì tí kò tàn pàápàá tó fún irú ìgbéléwọ̀n bẹ́ẹ̀. Kí akẹ́kọ̀ọ́ sọ ohun tí ó fura sí, kí ó yẹ̀ ẹ́ wò, kí ó tún un ṣe, kí ó sì ṣàlàyé ìdí. Kí ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan sì ní máàkì tirẹ̀. Bí ìdánwò kò bá yí padà, àtúnṣe yòówù tí a bá ṣe sí ìlànà ẹ̀kọ́ kò ní dé inú kíláàsì.