Ọmọ Èbúté Tó Ń Múra Íntáfíù Bàálù

Wákàtí tí awakọ̀ bàálù ń lò láti múra de íntáfíù kì í wọ inú lọ́ọ̀gìbúùkù rẹ̀. Ẹnikẹ́ni kì í sanwó rẹ̀, bẹ́ẹ̀ iṣẹ́ gidi ni, iṣẹ́ tó gba ọwọ́, ojú àti làákàyè, tó sì yẹ kí ènìyàn fara balẹ̀ wò.

Láti ìgbà tí òjò ti bẹ̀rẹ̀ lọ́dún yìí ni mo ti ń wo ọmọ àbúrò mi ọkùnrin lẹ́nu iṣẹ́ yìí. Èbúté Ìkòròdú ló ń gbé, kò jìnnà sí jẹ́tì Ìpakodò. Láísẹ́ǹsì tí ènìyàn fi ń wa bàálù jẹun ti wà lọ́wọ́ rẹ̀, wákàtí tó ti fò sì lé díẹ̀ ní 200. Ilé iṣẹ́ bàálù kékeré kan ní Ìkẹjà ló ránṣẹ́ pè é fún íntáfíù. ATR 72 ni wọ́n ń wà níbẹ̀, bàálù alábẹ̀bẹ̀ méjì tí wọ́n ń tò ní Toulouse nílẹ̀ Faransé, irú èyí tí Overland àti Green Africa ti fi gbé èrò lọ sí Ìlọrin àti Àkúrẹ́.

Ohun tó kọ́kọ́ ṣe ni pé ó lọ bá àwọn tó ń tẹ bánà ní Sábó. Wọ́n tẹ àwòrán iwájú awakọ̀ ATR fún un, ó tóbi tó ti gidi. Ó lẹ apá kan mọ́ ògiri, ó kan èyí tó máa ń wà lókè orí awakọ̀ mọ́ àjà, ó gbé àga oníke méjì síwájú rẹ̀. Àga ọ̀tún ló ń jókòó sí, nítorí ibẹ̀ ni igbákejì awakọ̀ ń jókòó. Ẹ bá mi wo ọwọ́ rẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ láti ibi bátìrì, ó bọ́ sórí póòǹpù epo, ó kọjá síbi iná, ó sọ̀ kalẹ̀ síbi afẹ́fẹ́. Ìka á kan bọ́tìnnì tó jẹ́ bébà lásán, ojú á wò ó, ẹnu á dá a lórúkọ, kí ìka tó ṣí kúrò níbẹ̀. Bí ẹnu bá ṣáájú ojú pẹ́nrẹ́n, á padà síbi bátìrì, á tún un bẹ̀rẹ̀. Lálẹ́ ọjọ́ kan, NEPA mú iná lọ, mo rò pé ó máa dìde. Kò dìde. Inú òkùnkùn ni mo ti ń gbọ́ ohùn rẹ̀ tó ń dárúkọ wọn lọ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, kò yára, kò fà á.

Ìdí bébà yẹn ni mo ti gbọ́ ohun kan nípa ATR tí mi ò jẹ́ gbàgbé. Ọ̀pọ̀ bàálù akérò ló ní ẹ́ńjìnnì kékeré kan ní ìdí, òun ló ń fún wọn ní iná àti afẹ́fẹ́ tútù nígbà tí wọ́n bá dúró sílẹ̀. ATR kò ní irú ẹ́ńjìnnì yẹn. Ẹ́ńjìnnì ọ̀tún ni wọ́n máa ń tàn, wọn á wá fi bíréèkì mú abẹ̀bẹ̀ rẹ̀ kó má yí, ẹ́ńjìnnì á máa ṣiṣẹ́, abẹ̀bẹ̀ á dúró jẹ́ẹ́. Ó ṣàlàyé rẹ̀ fún mi títí ó fi yé mi, bí mo bá sì ti béèrè ohun tí kò lè fi Yorùbá dáhùn, ó máa ń padà sínú ìwé. Ó ní ohun tí òun kò bá lè ṣàlàyé fún mi, òun náà kò tíì mọ̀ ọ́n.

Ìṣirò ni tiwa nínú bọ́ọ̀sì BRT. Láti Ìkòròdú dé Mile 12, lójú ọ̀nà tí wọ́n ṣí fún bọ́ọ̀sì yẹn ní oṣù kọkànlá ọdún 2015, èmi ni mo máa ń ṣe olùbéèrè.

"Ẹ sọ nọ́ńbà kan, Àǹtí."

"A wà lókè ní 17,000 ẹsẹ̀ bàtà, a fẹ́ sọ̀ kalẹ̀ dé 2,000."

Ó ní 15,000 la fẹ́ sọ̀. 15 lọ́nà mẹ́ta jẹ́ 45, nítorí náà bó bá ku máìlì 45 la ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀ kalẹ̀, ká sì fi márùn-ún sí i ká lè rí àyè dín eré kù. Bí bàálù bá ń sáré 240 nọ́ọ̀tì, 240 lọ́nà márùn-ún: 1,200 ẹsẹ̀ bàtà ní ìṣẹ́jú kan. Kò fọwọ́ kan fóònù. Kọ̀ǹpútà inú bàálù lè ṣe gbogbo èyí lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ní ìdáhùn lórí ara rẹ̀ ni yóò tètè mọ̀ bí kọ̀ǹpútà bá parọ́.

Ní jẹ́tì, ó máa ń wo àwọn awakọ̀ ojú omi bí wọ́n ṣe ń gúnlẹ̀. Bí afẹ́fẹ́ bá ń ti ẹ̀gbẹ́ fẹ́ wá, wọn kì í kọrí sí jẹ́tì gan-an. Wọ́n á yí imú ọkọ̀ sí afẹ́fẹ́ díẹ̀, kí afẹ́fẹ́ fúnra rẹ̀ lè gbé wọn dé ibi tí wọ́n ń lọ. Bí wọ́n ṣe ń gbé bàálù bọ̀ wálẹ̀ nìyẹn. Ní Ìkẹjà, ojú ọ̀nà bàálù méjèèjì kọjú sí 180 ní apá kan, 360 ní apá kejì, gúúsù àti ìwọ̀ oòrùn sì ni afẹ́fẹ́ Èkó ti sábà máa ń wá. Bí ìròyìn ojú ọjọ́ bá ní 210 ni afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́ wá ní nọ́ọ̀tì 14, ọgbọ̀n ló fi ju 180 lọ, ìdajì sì ni ti ọgbọ̀n: nọ́ọ̀tì méje láti ọ̀tún. Kí n tó wo àsíá orí jẹ́tì tán, ó ti sọ ọ́.

Èyí tó ń gba àkókò rẹ̀ jù ni ẹ́ńjìnnì tó kú nígbà tí bàálù ń gbéra. Eré kan wà tí wọ́n ń pè ní V1. Bí bàálù bá ti kọjá rẹ̀, kò sí pé à ń dúró mọ́, àfi ká fò. Inú símúlétọ̀, ẹ̀rọ tó ń ṣe bíi bàálù lórí ilẹ̀, ni wọ́n ti máa ń fi dán ènìyàn wò. Níbi tó wà, kò ní símúlétọ̀, ó fi búlọ́ọ̀kù méjì ṣe pẹ́dà ẹsẹ̀. Èmi á dédé pariwo pé, "Òsì kú!" Ẹsẹ̀ ọ̀tún á tẹ búlọ́ọ̀kù, kí bàálù má bàa yà. Á gbé imú rẹ̀ sókè, á ní kí wọ́n ká ẹsẹ̀ bàálù. Lẹ́yìn náà ló kan ohun tó wú mi lórí jù nínú gbogbo ìmúra yìí: á gbé ọwọ́ lé itan, kò ní ṣe nǹkan kan. Bàálù ń gòkè, ẹ́ńjìnnì kan ń ṣiṣẹ́, kò sí ohun tó ń lé e. Ìgbà tí òun àti ọ̀gá awakọ̀ bá ti jọ wò ó, tí àwọn méjèèjì ti fẹnu sọ ẹ́ńjìnnì tó kú, ni ọwọ́ tó lọ síbi ìfà tí wọ́n fi ń pa á.

Ó ní ìdí tó fi ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ní ọjọ́ kẹrin oṣù kejì ọdún 2015, ATR 72 TransAsia kan gbéra ní Taipei. Ẹ́ńjìnnì ọ̀tún ló ṣe ségesège. Ti òsì, tó ń ṣiṣẹ́ dáadáa, ni ọ̀gá awakọ̀ fà sẹ́yìn tó sì pa. Bàálù já sínú odò, ènìyàn 43 kú.

Ìbéèrè kan wà tí kò sí nínú ìwé bàálù, tí wọ́n sì máa ń bi awakọ̀ tuntun: ọ̀gá rẹ ń sọ̀ kalẹ̀ kọjá ibi tó yẹ, ẹ kò tíì rí ojú ọ̀nà, kí lo máa ṣe? Ọmọ tí a tọ́ láti dọ̀bálẹ̀ fún àgbà, tí a kọ́ pé kì í já ọ̀rọ̀ gbà lẹ́nu ẹni tó jù ú lọ, ìbéèrè yìí nira fún un. Nígbà tó kọ́kọ́ dá a wò níwájú mi, "ẹ jọ̀ọ́ sà" ló fi bẹ̀rẹ̀, "bóyá" ló fi tẹ̀ lé e, kó tó dé ọ̀dọ̀ ọ̀rọ̀ gan-an bàálù ti balẹ̀ sínú igbó. A tún un ṣe lálẹ́, lówùúrọ̀, lójú ọ̀nà ọjà. Ní báyìí, ohùn rẹ̀ ti gún: "Captain, no runway. Go around." Ìyẹn ni pé a kò rí ojú ọ̀nà, ká gbé e padà sókè. Bí ọ̀gá kò bá dáhùn, á tún un sọ. Bí kò bá dáhùn lẹ́ẹ̀kejì, á gba ìdarí. Ọ̀wọ̀ tó ní fún ọ̀gá kò dín; á dọ̀bálẹ̀ fún un bí wọ́n bá sọ̀ kalẹ̀ tán.

Ọ̀rọ̀ yìí kò jìnnà sí wa. Ní ọjọ́ kẹwàá oṣù kejìlá ọdún 2005, DC-9 Sosoliso tó ti Àbújá wá já ní Port Harcourt nínú òjò àti ìjì. Àwọn olùwádìí rí i pé wọ́n sọ̀ kalẹ̀ kọjá ibi tó yẹ kí wọ́n ti padà sókè, láìrí ojú ọ̀nà. Ènìyàn 108 ló kú nínú 110, 60 nínú wọn jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ Loyola Jesuit College tó ń lọ lo ọdún Kérésì nílé. Mo mọ̀ pé orúkọ ilé ẹ̀kọ́ yẹn ló wà lọ́kàn rẹ̀ nígbà tó ń dá ohùn rẹ̀ kọ́.

Ìyókù kò le tó bẹ́ẹ̀. Ilé iṣẹ́ kékeré fẹ́ mọ̀ bóyá wàá dúró tì wọ́n lẹ́yìn tí wọ́n bá ti náwó kọ́ ọ ní bàálù wọn. Ó ti ka irú àdéhùn bẹ́ẹ̀, ó sì mọ iye ọdún tó lè fọwọ́ sí. Láísẹ́ǹsì, ìwé dókítà àti lọ́ọ̀gìbúùkù wà nínú fáìlì kan ṣoṣo. Gbogbo òpó nọ́ńbà lọ́ọ̀gìbúùkù náà ni ó ti fọwọ́ ara rẹ̀ rò pọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, wọ́n sì bá ara wọn mu. Aago mẹ́rin àárọ̀ ọjọ́ íntáfíù ló máa kúrò nílé, nítorí kò sẹ́ni tó mọ ohun tí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Mile 12 lè ṣe.

Ó ti lọ fún irú íntáfíù báyìí rí níbòmíràn. Wọ́n ní àwọn máa pè é. Wọn kò pè é, wọn kò kọ̀wé, ọ̀pọ̀ oṣù ló fi ń gbé fóònù wò. Ẹ̀yin tó ń gba awakọ̀ síṣẹ́, mo bẹ̀ yín: ẹ wo ọwọ́ tó dúró lórí itan nígbà tí ẹ bá pa ẹ́ńjìnnì kan, nítorí ohun tó ná ọmọ náà kó tó lè dúró bẹ́ẹ̀ pọ̀. Bí ẹ bá sì máa sọ pé rárá, ẹ sọ ọ́ fún un.