Afọlábí Ọlábímtán: Òǹkọ̀wé Ṣáájú Aṣòfin

Bí akẹ́kọ̀ọ́ kan ní Òkè-Àgbè, Ìkàrẹ́ tàbí Ọ̀kà bá gbọ́ pé Afọlábí Ọlábímtán di aṣòfin àgbà, ó lè máa wá òṣèlú kiri nínú gbogbo ìwé rẹ̀. Irú ìdáhùn bẹ́ẹ̀ kò lè mú máàkì wá.

Ẹ jẹ́ kí a fi ọdún wọ̀n ọ́n. Ní 1932 ni a bí Ọlábímtán. Ó di olùkọ́ ní Yunifásítì Èkó. Kékeré Ẹkùn jáde ní 1967, Ààdọ́ta Àròfọ̀ ní 1969. Ọdún 1999 ni ó tó wọ ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin àgbà fún Ìwọ̀-Oòrùn Ògùn. Ó kú ní 2003. Ọdún 32 ni ó wà láàrin Kékeré Ẹkùn àti ipò náà.

Ohun tí ó yẹ kí a yìn nínú ìwé yìí ni pé òǹkọ̀wé fi iwin àti igbó irúnmọlẹ̀ Fágúnwà sílẹ̀, ó sì mú ìgbésí-ayé ojoojúmọ́ wọ inú ìtàn àròsọ.

Lóòótọ́, ìtàn ìgbésí-ayé òǹkọ̀wé wúlò, ṣùgbọ́n kò lè rọ́pò ìwé. Nítorí náà, kí olùkọ́ kọ́kọ́ béèrè àhunpọ̀ ìtàn, ẹ̀dá-ìtàn àti ìlò èdè. Lẹ́yìn náà ni kí ó tó béèrè oyè tí òǹkọ̀wé jẹ.