Òkúta Tí Òtútù Ń Là

Ní Collyweston, abúlé kan ní Northamptonshire nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, òkúta ni wọ́n fi ń bo ilé láti ayébáyé. Òkúta pẹlẹbẹ ni, ó fẹ́lẹ́, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ gún, ó sì ní ihò kan lókè. Ẹni tó bá rí i lórí ilé á rò pé ayùn ni wọ́n fi rẹ́ ẹ. Kò sí ayùn níbẹ̀ rárá. Òtútù ló là á. Iṣẹ́ oníṣẹ́ ni kó tọ́jú òkúta de òtútù, kó sì mọ ọjọ́ tí òtútù ti ṣe tirẹ̀ tán. Ọgbọ́n tó wà nínú ìtọ́jú yẹn ló mú mi lọ́kàn.

Òkúta ẹfun ni. Abẹ́ òkun ló ti dì ní nǹkan bíi mílíọ̀nù 170 ọdún sẹ́yìn, ìpele lórí ìpele. Bí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ wà á jáde, odindi ló jọ lójú, àwọn awakùsà ibẹ̀ sì ń pè é ní ìtì, bí ẹni ń sọ̀rọ̀ igi. Inú ihò tóóró lábẹ́ ilẹ̀ ni wọ́n ti ń wà á. Awakùsà á fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀, á máa fi díígà ha yanrìn abẹ́ òkúta kúrò díẹ̀díẹ̀, á sì máa fi òkúta kéékèèké gbé e ró bó ti ń lọ. Tó bá ti jìn tó, á yọ àwọn òkúta kéékèèké náà, ìtì á sì já wálẹ̀ fúnra rẹ̀.

Láti ìgbà yẹn lọ, omi ni gbogbo ọ̀rọ̀. Ìtì tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ wà jáde ní omi nínú. Bí oòrùn tàbí afẹ́fẹ́ bá gbẹ omi yẹn tán, òkúta náà ti kú nìyẹn. Kò sí òtútù tí yóò là á mọ́. Ìdí rẹ̀ tí wọ́n fi ń wà á nígbà òtútù nìyẹn, tí wọ́n á tẹ́ ẹ sórí ilẹ̀ gbalasa, tí wọ́n á sì máa da omi sí i lára. Ní Stonesfield ní Oxfordshire, níbi tí wọ́n ti ṣe irú iṣẹ́ kan náà, erùpẹ̀ ni wọ́n máa ń fi bo òkúta kó má bàa gbẹ kí ìrì dídì tó dé. Bí ìrì dídì bá wá dé lóru, wọ́n á lu agogo ṣọ́ọ̀ṣì, àwọn ará abúlé á sì fò dìde lórí ibùsùn lọ sídìí òkúta wọn. Mo máa ń ro ti agogo yẹn. Gbogbo abúlé jí lóru nítorí òtútù, inú wọn sì dùn pé ó dé!

Ẹni tó bá ti gbàgbé ìgò mínírà sínú firísà rí mọ̀ pé omi tó dì a máa fẹ̀. Ó fi nǹkan bí ìdá mẹ́sàn-án nínú ọgọ́rùn-ún fẹ̀ sí i. Ṣùgbọ́n ìyẹn nìkan kọ́. Ní nǹkan bí 1930, Stephen Taber, onímọ̀ ilẹ̀ ará Amẹ́ríkà, fi benzene rin ilẹ̀ dípò omi, ó sì jẹ́ kó dì. Benzene kì í fẹ̀ bó bá dì, ṣe ló ń sún kì. Síbẹ̀ ilẹ̀ náà wú sókè. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ni pé èyí tó ti dì ń fa èyí tí kò tíì dì mọ́ra, bí òwú àtùpà ṣe ń fa kẹrosíìnì. Bẹ́ẹ̀ ni omi dídì tó wà láàárín ìpele òkúta ṣe ń fa omi àyíká rẹ̀, tó ń nípọn sí i, títí ìpele á fi ya kúrò lára ìpele. Àwọn tó ń da omi sórí ìtì wọn lójoojúmọ́ ti fi ọwọ́ mọ èyí tipẹ́tipẹ́ kí ẹnikẹ́ni tó kọ ọ́ sínú ìwé.

Bó bá ti dì, tó yọ́, tó tún dì lọ́pọ̀ ìgbà, ó kan òòlù. Òòlù yìí kì í fọ́ nǹkan. Etí òkúta ló ń kàn, jẹ́jẹ́, níbi tí ìlà tín-ín-rín ti hàn. Obì ní ojú tí a fi ń là á, ẹni tó bá mọ ojú yẹn kì í fi agídí là á. Bẹ́ẹ̀ ni òkúta yìí náà rí. Á là sí méjì, á tún là, títí yóò fi fẹ́lẹ́ tó. Etí oníṣẹ́ ló sì ń dájọ́ awẹ́ kọ̀ọ̀kan: èyí tó yè ń dún bí agogo, èyí tó ti sán nínú a máa dún gbì. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á gé ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ gún, wọ́n á dá a lu. Awẹ́ tó tóbi jù ni wọ́n ń tò sí ìsàlẹ̀ òrùlé, tó ń kéré bọ̀ títí dé òkè.

Nígbà tó di àwọn ọdún 1960, ìgbà òtútù kò fi bẹ́ẹ̀ mú mọ́, wíwa òkúta sì dáwọ́ dúró. Ṣùgbọ́n àwọn ilé àtijọ́ ṣì wà, títí kan àwọn kọ́lẹ́ẹ̀jì Cambridge, òrùlé wọn sì ń fẹ́ àtúnṣe. Ní àwọn ọdún 2010, nígbà tí wọ́n ń tún ààfin Apethorpe ṣe, wọ́n gbé ìtì sínú yàrá tí ẹ̀rọ ń mú tutù, wọ́n ń jẹ́ kó dì, kó yọ́, kó tún dì. Ó là. Wọ́n tún padà wọ inú ihò lọ wa òkúta. Iṣẹ́ tí ìgbà òtútù odindi ń ṣe ti di iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ mélòó kan báyìí, ṣùgbọ́n òkúta ṣì gbọ́dọ̀ tutù fún omi kó tó wọlé, bó bá sì jáde, oníṣẹ́ á tún gbé òòlù, á kàn án létí, á dẹtí sí i.