Àtúnṣe Àṣìṣe Nínú Iṣẹ́ Àpilẹ̀kọ Yorùbá Tí A Fi Kọ̀ǹpútà Tẹ̀

Láti ọdún 1974 tí a ti fọwọ́ sí àkọtọ́ òde òní ni "aiye" ti di "ayé", tí "enia" sì ti di "ènìyàn". Irú àṣìṣe yìí kò ṣòroó rí. Ti àmì ohùn ló ń fara sin.

Àkíyèsí wa ni pé ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ wa ń gbé iṣẹ́ fún atẹ̀wé tí kò gbọ́ Yorùbá. Bó bá tẹ̀ ẹ́ tán láìsí àmì, wọn a wá fi bírò tò ó sí i. Bẹ́ẹ̀, "ọkọ" lásán lè jẹ́ ọkọ ìyàwó, ọkọ́ àgbẹ̀, ọkọ̀ ojú irin tàbí ọ̀kọ̀ ọdẹ. Kọ̀ǹpútà tí a ṣètò fún Gẹ̀ẹ́sì kò lè ràn wọ́n lọ́wọ́: ìlà pupa ló ń fà sábẹ́ èyí tó tọ̀nà àti èyí tí kò tọ̀nà.

Ọwọ́ àwa olùkọ́ náà kò mọ́. A ń yí àṣìṣe po, a kì í sọ ìdí rẹ̀.

Èrò wa ni pé kí akẹ́kọ̀ọ́ máa tẹ iṣẹ́ rẹ̀ fúnra rẹ̀, kí ó máa fi àmì sí i bí ó ti ń tẹ̀ ẹ́, kí ó sì kà á sókè kí ó tó gbé e wá. Ibi tí ahọ́n bá ti kọsẹ̀, kí ó tún ibẹ̀ wò. Olùkọ́ ọ̀la ni à ń kọ́ yìí. Bí àmì bá ṣì í lọ́wọ́, odindi kíláàsì ni yóò bá a ṣì í.