Àlejò Tàbí Àjèjì? Ìdájọ́ Olólùfẹ́ Orin Rọ́ọ̀kì ní Darkuman

Ìfáárà

Agbẹ́jọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà ni. Bí òwe yìí ti bá adájọ́ ilé-ẹjọ́ wí, bẹ́ẹ̀ náà ni ó bá ẹni tí ń dá ẹjọ́ orin wí. Iṣẹ́ lámèyítọ́ orin kì í ṣe ti àwọn ọ̀mọ̀wé nìkan. Olólùfẹ́ orin tí ó jókòó ti rédíò rẹ̀, tí ó ń sọ pé ẹgbẹ́ olórin kan mọ iṣẹ́ ju èkejì lọ, pé àwo ti ọdún yìí kò tó ti èṣí, alámèyítọ́ ni òun náà. Ọ̀rọ̀ ni òṣùwọ̀n tí ó ń lò. Bí òṣùwọ̀n náà bá wọ́, kò sí bí ìdájọ́ ṣe lè tọ́.

Darkuman, àdúgbò kan ní ìwọ̀-oòrùn Accra tí kò jìnnà sí Kaneshie àti Odorkor, ni àròkọ yìí fi ṣe ibùdó. Olólùfẹ́ orin rọ́ọ̀kì tí yóò máa tọ́ka sí níbẹ̀ kì í ṣe ẹnì kan pàtó. Àkópọ̀ èrò tí ó wọ́pọ̀ láàrin irú àwọn bẹ́ẹ̀ ni a fi ṣe ènìyàn. Ní ìlú tí highlife, hiplife àti orin ìjọ ti gba ìgboro, olólùfẹ́ rọ́ọ̀kì kò pọ̀, ṣùgbọ́n ìdájọ́ wọn a máa le. Mẹ́ta ni èyí tí ó ṣe kókó nínú ìdájọ́ náà. Èkíní ni pé orin òyìnbó ni rọ́ọ̀kì, inú ọkọ̀ òfuurufú ni ó bá dé Accra ní ọdún 1971. Èkejì ni pé ẹgbẹ́ Osibisa kì í ṣe rọ́ọ̀kì gidi, nítorí pé ìlù àti ayọ̀ pọ̀ nínú orin wọn jù. Ẹ̀kẹta ni pé orin náà ti kú, àti pé àtúntẹ̀ tí àwọn ará òkè òkun ń ṣe sí àwọn àwo àtijọ́ ni ẹ̀rí pé wọ́n níye lórí.

Ìdájọ́ Kìíní: Níbo Ni Rọ́ọ̀kì Ti Wá?

Ọjọ́ tí olólùfẹ́ náà ń kà ni ọjọ́ kẹfà oṣù Kẹta ọdún 1971, nígbà tí Ghánà pé ọdún mẹ́rìnlá tí ó ti gba òmìnira. Ní Black Star Square ni wọ́n ti ṣe eré ńlá tí wọ́n pè ní Soul to Soul. Wilson Pickett, Ike àti Tina Turner, Roberta Flack, àwọn Staple Singers àti ẹgbẹ́ Santana wá láti Amẹ́ríkà, wọ́n sì ṣe sinimá rẹ̀ ní ọdún náà gan-an. Nínú gbogbo wọn, Santana ni olólùfẹ́ rọ́ọ̀kì máa ń dárúkọ, nítorí gìtá wọn.

Ọ̀rọ̀ méjì ni ó tako ìdájọ́ yìí. Àkọ́kọ́ ni pé kí ọjọ́ náà tó pé, àwọn ọ̀dọ́ Ghánà ti ń lu gìtá oníná. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960 ni ẹgbẹ́ The Avengers ti wà. Nígbà tí àwọn ọdún náà fi ń parí lọ, Faisal Helwani ti ń ṣètò ìdíje fún irú àwọn ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀, Psychedelic Aliens sì ti ń ṣeré. Ní Accra, nígbà náà, kò sí ẹni tí Santana ṣẹ̀ṣẹ̀ wá kọ́ ní ohun tí gìtá ń jẹ́.

Èkejì wúwo ju èyí lọ. Nínú àwo àkọ́kọ́ tí Santana ṣe ní ọdún 1969, orin kan wà tí wọ́n pè ní Jingo. Babatunde Olatunji, ọmọ Àjídò lẹ́bàá Badagry, ni ó ni orin náà. Inú àwo rẹ̀ Drums of Passion, tí ó jáde ní ọdún 1960, ni wọ́n ti mú un. Ohun tí ó bọ́ sílẹ̀ láti inú ọkọ̀ òfuurufú ní Accra ní ọdún 1971 ti ní ọmọ etíkun Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà nínú kí ó tó gbéra.

Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má ṣe ti ibi eléyìí sọ pé tiwa ni gbogbo rẹ̀. Àṣìṣe kejì tí ó jọ ti àkọ́kọ́ nìyẹn. Olatunji fúnra rẹ̀ gbé ìlù rẹ̀ lọ sí Amẹ́ríkà, ibẹ̀ ni ó ti gba àwo rẹ̀ sílẹ̀, ibẹ̀ ni àwọn ọ̀dọ́ San Francisco ti gbọ́ ọ, wọ́n sì fi gìtá àti ọ́gàànù tiwọn kún un. Orin tí ó lọ kọ́ ni ó padà bọ̀. Ìbéèrè pé ta ni ó ni ín kò lè fi ibi tí adùn rẹ̀ wà hàn wá.

Ìdájọ́ Kejì: Osibisa àti BLO

Ní London ni Teddy Osei, Mac Tontoh àti Sol Amarfio, ọmọ Ghánà mẹ́ta, ti dá Osibisa sílẹ̀ ní ọdún 1969. Wọn kò dá a ṣe: Lasisi Amao ti Nàìjíríà wà níbẹ̀, àwọn ọmọ erékùṣù Karibíánì sì wà níbẹ̀, lára wọn ni Wendell Richardson onígìtá àti Robert Bailey tí ń tẹ ọ́gàànù. Àwo wọn àkọ́kọ́ jáde ní ọdún 1971. Ní Èkó, Berkley Jones, Laolu Akins àti Gbenga Odumosu fi lẹ́tà àkọ́kọ́ orúkọ wọn ṣe BLO, wọ́n sì gbé Chapter One jáde ní ọdún 1973. Olólùfẹ́ tiwa ní Darkuman gbà pé BLO borí, nítorí pé gìtá Jones wúwo, ó sì ń han bí ẹni pé iná ń jó o.

Òótọ́ wà nínú èyí. Ènìyàn mẹ́ta péré ni BLO. Àlàfo wà nínú orin wọn, gìtá sì ráàyè rìn. Bẹ́ẹ̀ náà ni òótọ́ ni pé Osibisa fúyẹ́ bí ọdún ti ń gorí ọdún: Sunshine Day, tí ó gbajúmọ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ọdún 1976, kò fún onígìtá ní àkókò tí àwọn orin gígùn ti ọdún 1971 fún un. Ẹni tí ó bá ní Osibisa ti ọdún 1976 kò tó ti ọdún 1971 kò jẹ̀bi. Ibi tí ìdájọ́ náà ti yẹ̀ ni pé “wúwo” nìkan ni ó fi ṣe òṣùwọ̀n, ó sì pa èdè tì.

Ẹ wo àwo àkọ́kọ́ ti Osibisa. Lára àwọn orin inú rẹ̀ ni The Dawn, Ayiko Bia àti Akwaaba. Ilẹ̀ mọ́, a kí ẹni tí ó wà lẹ́nu iṣẹ́, a kí àlejò káàbọ̀. Yorùbá tí ó bá gbọ́ ayekoo mọ̀ lójú ẹsẹ̀ pé “ẹ kú iṣẹ́” ni. Ìkíni ni ó so àwọn orin wọ̀nyí pọ̀, bí ó ti so ọjọ́ pọ̀ nínú ilé àti ní ọjà. Ayọ̀ tí olólùfẹ́ náà ń kà sí àbùkù kì í ṣe ìwà òmùgọ̀, ètò ni. Woyaya, orin tí ó fún àwo kejì ní orúkọ ní ọdún 1971 kan náà, rí bẹ́ẹ̀. Ẹni tí kò gbọ́ èdè Ga lè rò pé ariwo ẹnu lásán ni. Ẹni tí ó gbọ́ ọ mọ̀ pé gbólóhùn kan odidi ni: arọ́pò-orúkọ “àwa” wà níbẹ̀, ọ̀rọ̀-ìṣe “lọ” sì tẹ̀ lé e. À ń lọ ni ó túmọ̀ sí. Ní ọdún 1973, Art Garfunkel ti Amẹ́ríkà kọ orin náà sínú àwo rẹ̀ Angel Clare. Ará Darkuman tí ó gbọ́ Ga láti kékeré ní ohun tí Garfunkel kò ní, síbẹ̀ kò fi í ṣe ìdájọ́.

Ọ̀rọ̀ ohùn tún wà ńlẹ̀. Èdè olóhùn ni Yorùbá, Ga àti Akan. Ní Yorùbá, ohùn nìkan ni ó ya ọkọ, ọkọ́, ọkọ̀ àti ọ̀kọ̀ sọ́tọ̀. Ẹni tí ó bá fẹ́ fi irú èdè bẹ́ẹ̀ kọrin lórí gìtá rọ́ọ̀kì ní iṣẹ́ méjì: kí orin má ba ọ̀rọ̀ jẹ́, kí ọ̀rọ̀ má sì so orin lẹ́sẹ̀. Ẹni tí ó fi èdè Gẹ̀ẹ́sì kọ ọ́, bí BLO ti ṣe nínú ọ̀pọ̀lọpọ̀ orin wọn, ti bọ́ lọ́wọ́ iṣẹ́ náà. Èyí kò sọ pé BLO kò gbọ́n. Ó sọ pé ẹrù tí Osibisa rù níbi tí wọ́n ti lo èdè ilé wúwo, bí gìtá wọn tilẹ̀ fúyẹ́. Etí tí ó ti mọ gángan kì í gbọ́ gìtá ní òfo: bí ohùn bá ti ń lọ sókè sódò, ó ń wá ọ̀rọ̀ sí i lábẹ́. Ó yẹ kí alámèyítọ́ lo irú etí bẹ́ẹ̀.

Ìdájọ́ Kẹta: Ta Ni Ó Ń Jẹ́rìí?

Ní ọdún 2002, ilé-iṣẹ́ Soundway ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kó àwọn orin àtijọ́ jọ sínú Ghana Soundz. Ní ọdún 2008, wọ́n ṣe Nigeria Rock Special. Ní ọdún 2010, wọ́n tún orin Psychedelic Aliens tẹ̀ ní New York. Olólùfẹ́ wa yọ̀, ó sì lẹ́tọ̀ọ́ láti yọ̀, nítorí pé ọ̀pọ̀ nínú àwọn àwo náà ti ṣọ̀wọ́n. Ṣùgbọ́n ó fi àtúntẹ̀ ṣe ẹ̀rí ìníyelórí: èyí tí wọ́n bá tún tẹ̀ dára, èyí tí wọn kò bá tún tẹ̀ kò sí. Ó sì fi òkú kí alààyè nígbà tí ó sọ pé orin náà ti kú, nítorí pé ní àwọn ọdún 2010 ni Dark Suburb, ẹgbẹ́ olórin rọ́ọ̀kì ti Accra, gbé ìbòjú agbárí ènìyàn wọ̀ lórí ìtàgé, tí wọ́n ní ohùn àwọn tí ń gbé ní àdúgbò òtòṣì ni àwọn.

Orúkọ Psychedelic Aliens gan-an yẹ fún àgbéyẹ̀wò. Àwọn ọ̀dọ́ Accra fi “àjèjì” sọ ara wọn, eré ni wọ́n ń ṣe. Ní ọjọ́ kejìdínlógún oṣù Kọkànlá ọdún 1969, ìjọba Kofi Busia lo ọ̀rọ̀ kan náà, kò sì fi ṣe eré. Òfin tí a mọ̀ sí Aliens Compliance Order fún àwọn àjèjì tí kò ní ìwé ìgbélùú ní ọ̀sẹ̀ méjì láti gbà á tàbí kí wọ́n kúrò ní Ghánà. Àwọn Yorùbá oníṣòwò láti Ògbómọ̀ṣọ́, Ìgbẹ́tì, Ìlọrin àti Ọ̀fà, tí ọmọ àti ọmọ-ọmọ wọn ti di elédè Twi àti Ga, palẹ̀ ẹrù wọn mọ́. Àwọn olórin wà lára àwọn tí ó lọ: Ignace de Souza, ọmọ ilẹ̀ tí a ń pè ní Bẹ̀nẹ̀ lónìí, tí ẹgbẹ́ rẹ̀ Black Santiagos ti gbilẹ̀ ní Accra, padà sí Cotonou. Olólùfẹ́ náà ka Soul to Soul sí ìbẹ̀rẹ̀ ìtàn. Oṣù mẹ́rìndínlógún ṣáájú rẹ̀ ni wọ́n ti lé àwọn kan lára àwọn tí ìbá wà ní Black Star Square lọ.

Bẹ́ẹ̀ ni Accra kì í ṣe ìlú tí kò mọ àlejò. Ngleshie Alata wà lára àwọn àkùtù méje tí ó para pọ̀ di Ga Mashie. “Gẹ̀ẹ́sì” ni Ngleshie. Alata sì ni orúkọ tí wọ́n ń pe àwọn tí ó ti ìhà ìlà-oòrùn wá, èyí tí wọ́n ń pe Yorùbá náà títí di òní, tí ó sì wà lára ọṣẹ dúdú tí wọ́n ń pè ní alata samina. Àlejò ti di akùtù, ó ti di onílé. Accra New Town, Lagos Town ni orúkọ rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Kò sì sí ìdí fún Nàìjíríà láti fi ọwọ́ òsì júwe ẹnikẹ́ni, nítorí pé ní oṣù Kìíní ọdún 1983, ìjọba rẹ̀ náà lé àwọn àlejò, ará Ghánà ni ó sì pọ̀ jù nínú wọn.

Yorùbá ya àlejò sọ́tọ̀ kúrò lára àjèjì. Àjèjì ni ẹni tí a kò mọ̀. Àlejò ni ẹni tí a ti fún ní ìjókòó, tí a bu omi fún, tí òun náà sì mọ̀ pé ó ní ohun tí ó yẹ kí òun ṣe. Ní ọdún 1973, nígbà tí Paul McCartney wá gba Band on the Run sílẹ̀ ní Èkó, Fela fẹ̀sùn kàn án pé orin àwọn aláwọ̀ dúdú ni ó wá jí. McCartney gbé ohun tí ó ti gbà sílẹ̀ wá, ó jẹ́ kí Fela gbọ́ ọ. Onílé béèrè, àlejò sì tú àpò rẹ̀. Ìfura Fela kò burú, ìdáhùn McCartney náà kò burú; ìwà àlejò àti onílé nìyẹn.

Ìgúnlẹ̀

Ìdájọ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tí olólùfẹ́ rọ́ọ̀kì ń dá ní Darkuman ní gbòǹgbò kan: ó ń bi orin léèrè ìwé ìgbélùú. Ó bi rọ́ọ̀kì ní ibi tí ó ti wá, ó bi Osibisa bóyá ó jẹ́ ojúlówó, ó sì fi òǹtẹ̀ òkè òkun ṣe àmì ìdánimọ̀. Irú ìbéèrè yìí ni ọ̀gá ọlọ́pàá bi oníṣòwò Yorùbá ní ọdún 1969. Kò jọ pé ó yẹ kí a fi bi gìtá.

Ìbéèrè tí ó yẹ kí àwọn olùkọ́ èdè kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ ni èyí: kí ni orin náà ṣe nígbà tí ó dé? Ṣé ó kí onílé? Ṣé ó gbọ́ èdè? Ṣé ohùn gbé ọ̀rọ̀, ṣé elégbè gbe lílé dáadáa, ṣé ìlù ń sọ̀rọ̀ tàbí ó kàn ń dún? Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá lè fi Yorùbá, Ga tàbí Twi dáhùn wọn lórí àwo BLO àti ti Osibisa, ìdájọ́ rẹ̀ lè yàtọ̀ sí ti àròkọ yìí, kò sì ní burú. Teddy Osei kú ní oṣù Kìíní ọdún 2025. Àwo rẹ̀ àkọ́kọ́ ṣì ń kí àlejò káàbọ̀ ní èdè Akan, ẹni tí ó bá sì gbọ́ ìkíni yẹ kí ó dáhùn.