Ojú Tí A Fi Ń Ṣọ́ Kernel: Lámèyítọ́ Lórí Mẹ́nù Ìtọ́pinpin Àṣìṣe Linux

Ẹni tó bá fẹ́ fúnra rẹ̀ kọ́ kernel Linux á tẹ make menuconfig, mẹ́nù á sì yọ. Nísàlẹ̀ mẹ́nù náà ni Kernel hacking wà, ibẹ̀ ni wọ́n kó àwọn irinṣẹ́ ìtọ́pinpin àṣìṣe sí. Ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í wo ibẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Èmi ka mẹ́nù yìí sí iṣẹ́ ọnà tí ènìyàn lè yẹ̀ wò: ta ni wọ́n kọ ọ́ fún, kí ló sì ń fi pamọ́ fún un?

Ègbè kan ń tẹ̀lé àìmọye àlàyé inú rẹ̀: bí kò bá dá ọ lójú, dáhùn pé N (rárá). Ègbè náà ń dáàbò bo òpè, àmọ́ kì í là á lọ́yẹ. Ohun tí kò sọ ni pé kò sí irinṣẹ́ níbẹ̀ tí kì í gba nǹkan lọ́wọ́ ẹni. Àyè lórí díìsìkì àti àkókò ìkọ́lé ni DEBUG_INFO, tó ń fi àlàyé kóòdù kún kernel, ń jẹ. Kì í fi bẹ́ẹ̀ dí ẹ̀rọ lọ́wọ́ lẹ́nu iṣẹ́. Ti KASAN, irinṣẹ́ tó ń wá àṣìṣe ìlò mẹ́mórì, tó wọ Linux 4.0 ní 2015, le jù bẹ́ẹ̀ lọ. Irú rẹ̀ tó jẹ́ ìpìlẹ̀ ń ya ìdá kan nínú mẹ́jọ mẹ́mórì sọ́tọ̀ láti fi ṣọ́ ìyókù, ó sì lè mú kí iṣẹ́ falẹ̀ ní ìlọ́po mẹ́ta. Àwọn tó kọ ọ́ ṣe dáadáa, wọ́n sọ iye náà gbangba. Ṣùgbọ́n inú Help ló wà. Lójú mẹ́nù, ìlà kan ni èyí, ìlà kan ni tọ̀hún, bí ẹni pé owó wọn dọ́gba.

PROVE_LOCKING ni mo gbà pé ó lọ́gbọ́n jù nínú gbogbo wọn. Ingo Molnar àti Arjan van de Ven ló kọ lockdep tó wà lẹ́yìn rẹ̀, ó sì wọ Linux 2.6.18 ní 2006. Bí iṣẹ́ kan bá di títì (lock) A mú tó ń dúró de B, tí òmíràn di B mú tó ń dúró de A, àwọn méjèèjì dákú nìyẹn. Lockdep kì í dúró de ọjọ́ náà. Ó ń kọ ètò tí wọ́n fi ń gba títì sílẹ̀. Bó bá rí A ṣáájú B láàárọ̀, tó tún rí B ṣáájú A lálẹ́, ó ké nìyẹn, kódà bí àwọn méjèèjì kò bá tíì pàdé rí.

Síbẹ̀, ó ní àbùkù kan tó ń bí mi nínú: lẹ́yìn ìgbe àkọ́kọ́, ó dákẹ́ títí ẹ̀rọ yóò fi tún dìde. Módù oníkọ̀kọ̀, tí ẹni tó ni ín kò fi kóòdù rẹ̀ hàn, náà lè pa á lẹ́nu mọ́. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ, ṣùgbọ́n ẹni tó ń dán kernel wò á rí ìdákẹ́jẹ́ yẹn, á ní ara ẹ̀rọ ti yá.

Ní 2000, Linus Torvalds sọ ọ́ ní gbangba pé òun kò fẹ́ràn irinṣẹ́ tí a fi ń dá kernel dúró wò ní ìṣísẹ̀ kọ̀ọ̀kan. 2008 ni KGDB, tó jẹ́ irú irinṣẹ́ bẹ́ẹ̀, ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ Linux. Lójú mi, Torvalds jàre dé ìdajì. Ẹlẹ́rìí ni KASAN àti lockdep: wọ́n á sọ ibi tí ọ̀rọ̀ ti bàjẹ́, ríronú ṣì kù fún ẹni tó kọ kóòdù.

Ṣé ká wá tan gbogbo rẹ̀ ni? Rárá o. Irinṣẹ́ tó wúwo ń yí àkókò iṣẹ́ padà, àṣìṣe tó rọ̀ mọ́ àkókò á sì sá pamọ́ nígbà tí a bá ń wá a. Ìdí nìyẹn tí KFENCE, tó wọ Linux 5.12 ní 2021, fi dùn mọ́ mi nínú. Díẹ̀ nínú mẹ́mórì tí a pín ló ń ṣọ́. Ó lè pẹ́ kó tó rí nǹkan kan lórí ẹ̀rọ kan ṣoṣo, ṣùgbọ́n ó fúyẹ́ débi pé ẹgbẹẹgbẹ̀rún ẹ̀rọ lè máa gbé e ṣiṣẹ́ lójoojúmọ́.

Ẹ kọ́ kernel méjì, ẹ jọ̀wọ́: KASAN àti PROVE_LOCKING fún èyí tí ẹ ó fi dán nǹkan wò, KFENCE fún èyí tí àwọn oníbàárà ń lò. Kí ẹ sì tọ́jú fáìlì .config ti ọ̀kọ̀ọ̀kan.