Attenborough: Bí Wọ́n Ṣe Ń Tọpa Orúkọ Ìdílé Dé Orísun

Ní òru ọjọ́ 3 oṣù kẹrin ọdún 1881, ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ka gbogbo ẹni tó sùn ní England àti Wales mọ́jú. Wọ́n kọ orúkọ kálukú, ọjọ́ orí rẹ̀, iṣẹ́ rẹ̀ àti ibi tí wọ́n ti bí i. Àwọn tí wọ́n kà tó nǹkan bíi mílíọ̀nù 26. Nígbà tí ọ̀rúndún ogún ń parí lọ, àwọn ẹgbẹ́ tó ń wádìí ìtàn ìdílé àti ìjọ àwọn Mọ́mọ́nì fọwọ́ sowọ́ pọ̀. Àwọn ènìyàn tó yọ̀ǹda ara wọn jókòó ti ìwé náà, wọ́n sì ń tẹ̀ ẹ́ ní ìlà kọ̀ọ̀kan títí ó fi di ohun tí kọ̀ǹpútà lè ṣà. Ibẹ̀ ni ẹni tó bá fẹ́ tọpa orúkọ ìdílé tó ṣọ̀wọ́n sábà máa ń kọ́kọ́ fẹsẹ̀ tẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká mú Attenborough. Ọmọ ìyá méjì ló jẹ́ kí aráyé mọ orúkọ náà: Richard tó ṣe fíìmù Gandhi, àti David tó fi tẹlifíṣọ̀n mú ẹranko igbó wọ yàrá wa. Òkìkí orúkọ náà pọ̀ gan-an, ṣùgbọ́n àwọn tó ń jẹ́ ẹ kò pọ̀. Èyí gan-an ló mú kó dára fún irú iṣẹ́ yìí.

Atọpa orúkọ kì í kàn ka iye Attenborough tó wà ní ìlú kọ̀ọ̀kan kó sì fi àmì sí i. Bó bá ṣe bẹ́ẹ̀, London ni yóò máa borí nígbà gbogbo, nítorí èrò ibẹ̀ pọ̀, kò sì fẹ́rẹ̀ẹ́ sí orúkọ tí a kò ní bá níbẹ̀. Ohun tó ń ṣe ni pé ó ń wo iye èrò tó wà ní àgbègbè kọ̀ọ̀kan, ó sì ń ṣírò iye Attenborough tó bọ́ sí i nínú gbogbo 100,000 ènìyàn. Lẹ́yìn ìṣirò yìí ló tó kun máàpù. Àgbègbè tí kò bá ní ẹnì kankan á wà ní funfun, èyí tó bá ní díẹ̀ á pọ́n fẹ́ẹ́rẹ́, èyí tó bá ní púpọ̀ á pọ́n gan-an. Bí ó bá jẹ́ Smith ni, gbogbo ilẹ̀ ni yóò pọ́n, torí alágbẹ̀dẹ ni ìtumọ̀ rẹ̀, kò sì sí abúlé tí kò ní alágbẹ̀dẹ. Ti Attenborough kó jọ sójú kan, Nottinghamshire àti Derbyshire, láàárín gbùngbùn England. Nínú àgbègbè yẹn, létí odò Trent, ní gúúsù ìwọ̀-oòrùn ìlú Nottingham, abúlé kan wà tó ń jẹ́ Attenborough.

Àwa máa ń sọ pé ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ. Atọpa ń ti òdìkejì bọ̀ lójú ọ̀nà yẹn: orúkọ ló ń wò kó tó rí ilé. Ẹni tí kò tíì mọṣẹ́ á sọ níbí yìí pé òun ti rí i. Ẹni tó mọ̀ ọ́n á kọ́kọ́ bi ara rẹ̀ léèrè pé ta ló máa ń pe ènìyàn ní ará Attenborough. Kì í ṣe àwọn ará Attenborough fúnra wọn, torí ibẹ̀ ni gbogbo wọn ti wá. Ìgbà tí ọkùnrin kan bá kó kúrò lọ sí abúlé mìíràn ni àwọn tó bá níbẹ̀ á máa fi ibi tó ti wá pè é. Nítorí náà, ó yẹ kí orúkọ irú èyí pọ̀ ní ìtòsí ilẹ̀ tó bí i ju orí ilẹ̀ náà gan-an lọ. Frederick, bàbá Richard àti David, Stapleford ni wọ́n bí i sí ní 1887, ibẹ̀ kò sì ju máìlì díẹ̀ lọ sí abúlé Attenborough. Máàpù náà bá èrò yẹn mu. Síbẹ̀ ìparí ìrìn ni máàpù 1881 ń fi hàn. Láàárín nǹkan bí ọdún 1250 sí 1400 ni irú orúkọ bẹ́ẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í dúró, tí ọmọ ń jogún rẹ̀ lọ́wọ́ bàbá. Ó ku kí atọpa fẹsẹ̀ rin ohun tó wà láàárín.

Ẹ̀yìn ló ń rìn sí, láti ọmọ dé bàbá. Láti ọjọ́ 1 oṣù keje ọdún 1837 wá, ìjọba ní àkọsílẹ̀ ìbí, ìgbéyàwó àti ikú. Apá ibẹ̀ yá. Kí ó tó di 1837, ọwọ́ ìjọ ni àkọsílẹ̀ wà. Ní 1538 ni Thomas Cromwell, ìránṣẹ́ Ọba Henry Kẹjọ, pàṣẹ pé kí àlùfáà gbogbo ìjọ máa kọ ìsàmì, ìgbéyàwó àti ìsìnkú sílẹ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ìjọ Màríà Mímọ́ ní Attenborough wà lára wọn. Níbẹ̀ ni wọ́n ti ṣe ìsàmì fún Henry Ireton ní 1611, ẹni tó wá di ọ̀gágun lábẹ́ Oliver Cromwell tó sì fẹ́ ọmọ rẹ̀.

Ní yàrá ìkàwé àwọn àkọsílẹ̀ àtijọ́, wọn kì í tẹ́ irú ìwé bẹ́ẹ̀ sórí tábìlì lásán. Ìrọ̀rí fóòmù ni wọ́n ń gbé e lé kí ẹ̀yìn rẹ̀ má baà ṣẹ́. Wọn kì í gba bírò láyè, pẹ́ńsù nìkan ni. Okùn aṣọ tí wọ́n rọ òjé wẹ́wẹ́ sínú rẹ̀ ló ń mú ojú ewé dúró kí ọwọ́ má baà máa tẹ̀ ẹ́. Awọ ẹran tí wọ́n ha títí ó fi fẹ́lẹ́ ni ojú ewé náà. Ìyẹ́ ni wọ́n fi kọ ọ́, pẹ̀lú tàdáwà tí wọ́n fi kókó ara igi óákù àti èròjà irin pò. Ó dúdú nígbà kan. Àwọ̀ rẹ̀ ti ṣí báyìí, ó ti ń pọ́n.

Atọpa kì í bẹ̀rẹ̀ látorí orúkọ tó ń wá. Ọwọ́ akọ̀wé ló ń kọ́kọ́ kọ́. Nínú ìkọ̀wé ìgbà náà, s gígùn jọ f, e kọjú sẹ́yìn, ìrù h sì ń já sísàlẹ̀ ìlà. Fún i, m, n àti u, ọ̀pá kéékèèké ni akọ̀wé kàn ń tò sílẹ̀. Ẹni tó ń kà á ni yóò ka iye ọ̀pá kó tó mọ lẹ́tà. Nínú Attenborough, ọ̀pá méjì tó wà láàárín e àti b lè jẹ́ n, ó sì lè jẹ́ u. Ojú kò lè pinnu èyí lórí ọ̀rọ̀ náà nìkan. Nítorí náà atọpa á wá orúkọ tí kò lè ṣì kà lójú ewé kan náà, bíi Anne tàbí John, á wo bí akọ̀wé yẹn ṣe ń fa n rẹ̀, á sì yà á sínú pépà rẹ̀. Díẹ̀díẹ̀ ni yóò fi ní gbogbo ábídí akọ̀wé kan ṣoṣo yẹn lọ́wọ́. Bí akọ̀wé bá yí padà láàárín ìwé, á gbé pépà tuntun, á tún bẹ̀rẹ̀.

Lẹ́yìn náà ni ọ̀rọ̀ etí kàn. Ohun tí akọ̀wé gbọ́ ló kọ, kò sì sí ẹni tó sọ bí wọ́n ṣe gbọ́dọ̀ kọ orúkọ fún un. Èyí ló fà á tí ẹni tó ń wá Attenborough fi ń wá èyí tó parí sí -borrow, -burgh, -barrow àti -bury pẹ̀lú. Àmọ́ kì í kó gbogbo wọn pọ̀ wéré. Bí ó bá rí ọkùnrin kan tí orúkọ ìyàwó rẹ̀, iṣẹ́ rẹ̀ àti abúlé rẹ̀ kò yí padà, tí orúkọ ìdílé rẹ̀ sì gba ìrísí méjì láàárín ọdún mẹ́wàá, ìgbà náà ló tó gbà pé orúkọ kan náà ni.

Ọjọ́ náà tún ní ẹ̀bìtì tirẹ̀. Títí di 1752, ọjọ́ 25 oṣù kẹta ni ọdún ń bẹ̀rẹ̀ ní England. Bí ìwé bá sọ pé tọkọtaya kan ṣègbéyàwó ní oṣù karùn-ún ọdún 1680, tí wọ́n sì ṣe ìsàmì fún ọmọ wọn ní oṣù kejì ọdún 1680, aláìmọ̀kan á rò pé ọmọ ló ṣáájú ìgbéyàwó. Rárá o. Oṣù kejì yẹn bọ́ sẹ́yìn oṣù karùn-ún, oṣù mẹ́sàn-án pé pérépéré. Atọpa á kọ ọ́ sílẹ̀ ní 1680/1, orúkọ obìnrin kan tó ti kú láti ọ̀rúndún mẹ́ta sẹ́yìn á sì bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀gàn.

Bí ìwé ìjọ bá ya tàbí tí òjò bá pa á, ó ní àwọn ẹlẹ́rìí mìíràn. Láti 1662 sí 1689, ìjọba gba owó-orí àdògán: ṣílè kan lórí àdògán kọ̀ọ̀kan, ẹ̀ẹ̀mejì lọ́dún. Ìwé owó náà to orúkọ onílé ní abúlé sí abúlé. Lókè lọ́hùn-ún, àwọn ìwé owó-orí 1377, 1379 àti 1381 wà. Ṣáájú wọn ni àjàkálẹ̀ ààrùn 1348 jà, tó pa ó kéré tán ìdá kan nínú mẹ́ta àwọn ará ìlú. Ẹni tó ń ṣe iṣẹ́ yìí máa ń rọra kọjá níbẹ̀. Orúkọ tí ilé márùn-ún ń jẹ́ lè ṣẹ́ ku ilé kan; ilé tó sì bí kìkì obìnrin, orúkọ rẹ̀ parí. Ìdí nìyẹn tí ó fi ṣeé ṣe kí gbogbo àwọn tó ń jẹ́ orúkọ tó ṣọ̀wọ́n lónìí ti ara ọkùnrin kan ṣoṣo wá.

Ìwé nìkan kò lè fi èyí múlẹ̀, nítorí náà wọ́n yíjú sí ẹ̀jẹ̀. Ọ̀dọ̀ bàbá ni krómósómù Y ti ń dé ọ̀dọ̀ ọmọkùnrin, ojú ọ̀nà kan náà tí orúkọ ìdílé ń gbà. Ní 2009, Turi King àti Mark Jobling ní Yunifásítì Leicester gbé àbọ̀ iṣẹ́ wọn lórí orúkọ 40 jáde, pẹ̀lú ọkùnrin 1,678. Ìlú tí Alec Jeffreys ti ṣàwárí ọ̀nà fífi DNA dá ènìyàn mọ̀ ní 1984 nìyẹn. Kọ́lẹ́ẹ̀jì tó padà di yunifásítì náà, Frederick Attenborough ló ṣe olórí rẹ̀ láti 1932 sí 1951.

Wọ́n ń fi ọ̀pá tín-ín-rín ha inú ẹ̀rẹ̀kẹ́, wọ́n ń yọ DNA kúrò lára ohun tó bá a jáde, wọ́n sì ń ṣe ẹ̀dà àwọn ojúkò tí wọ́n fẹ́ kà títí tí ẹ̀rọ fi lè rí wọn. Ní ojúkò kọ̀ọ̀kan, àwọn lẹ́tà DNA kan ń tún ara wọn sọ. Ẹnì kan lè ní i ní ìgbà 13, ẹlòmíràn ní ìgbà 14. Ẹ̀rọ ń ka iye ìgbà náà, ó ń lọ sí òmíràn. Nígbà tí wọ́n to nọ́ńbà wọ̀nyí sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn, àwọn Smith kò jọra ju àwọn ọkùnrin tí wọ́n kàn ṣà jọ lọ. Nínú àwọn Attenborough, nǹkan bí 87 nínú ọgọ́rùn-ún ló wà lórí ẹ̀ka kan náà, E1b1b1, ẹ̀ka tí kò wọ́pọ̀ ní England. Fún àwọn tó kù, wọn ò fẹ̀sùn kan ẹnikẹ́ni. Wọ́n mọ̀ pé ọmọ lè jẹ́ orúkọ ìyá, pé wọ́n lè gba ọmọ tọ́, pé ọmọ sì lè jẹ́ ti bàbá mìíràn. Wọ́n ṣírò rẹ̀, wọ́n sì rí i pé ìyapa bẹ́ẹ̀ kò ju bí 1 sí 4 nínú ọgọ́rùn-ún lọ láti ìran dé ìran.

Iṣẹ́ wọn ti 2007 ni mo máa ń ronú lé jù. Wọ́n yẹ DNA ọkùnrin kan wò, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí kò mọ̀ pé òun ní baba ńlá kankan ní Áfíríkà, tó ń jẹ́ orúkọ kan tó ṣọ̀wọ́n ní ìlà-oòrùn Yorkshire. Krómósómù Y rẹ̀ wà lórí ẹ̀ka A1, èyí tó jẹ́ pé Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, apá ilẹ̀ tiwa, ni wọ́n ti mọ̀ ọ́n. Wọ́n wá àwọn tó ń jẹ́ orúkọ náà kàn. Nínú ọkùnrin 18 tí wọ́n yẹ̀ wò, 7 ló ní in. Àwọn tó ń ka ìwé àtijọ́ wá gba iṣẹ́ náà. Wọ́n ń ti ọmọ dé bàbá títí gbogbo wọn fi kó jọ sábẹ́ igi ìdílé méjì, tí baba ńlá kọ̀ọ̀kan gbé ayé ní Yorkshire ní ìparí ọ̀rúndún 18. Ẹ̀jẹ̀ sọ pé igi méjèèjì so kọ́ra lókè. Wọn kò rí ìwé tó so wọ́n.

Wọn kò fa ìlà kankan láàárín wọn. Wọ́n ronú lórí òwò ẹrú, wọ́n ronú lórí àwọn ọmọ ogun Áfíríkà tí Róòmù kó wá sí odi Hadrian ní àríwá England ní ọ̀rúndún kẹta, wọn kò sì fi ọ̀kan borí èkejì. Wọn kò tẹ orúkọ ìdílé náà jáde nínú àbọ̀ wọn, torí àwọn tó ń jẹ́ ẹ ṣì wà láàyè. Igi méjèèjì dúró lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ gẹ́gẹ́ bí àkọsílẹ̀ ṣe sọ, ẹni tó bá sì rí ìwé tuntun lọ́la á mọ ibi gan-an tí òun yóò ti so okùn mọ́ ọn.